Ìtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ Ọmọdé, láti Ilé Ìwòsàn dé Ìsọ̀ Ọjà Santana

Etí ni ọ̀rọ̀ ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ló ń dé ẹnu. Nígbà tí oyún bá ti wọ oṣù keje, ọmọ inú ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń lọ sókè tó sì ń wálẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i, ó ti mọ ohùn yẹn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, á máa fi ọ̀fun dún tí wọ́n bá ń bá a ṣeré. Tó bá ti wà láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, á máa pe "bàbàbà" àti "màmàmà" láìní ìtumọ̀ kankan. Ahọ́n àti ètè ló ń fi ṣeré. Ní nǹkan bí ọdún kan ni ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ máa ń jáde. Nígbà tó bá pé ọdún méjì, ó yẹ kó ní tó àádọ́ta ọ̀rọ̀, kó sì ti máa so méjì pọ̀, bíi "Màmá wá" tàbí "omi tán". Ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ gbólóhùn. Ti ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí náà yẹ kó lè gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó ń sọ.

Òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe òfin tí gbogbo ọmọ ń pa mọ́. Ọmọ kan lè fi oṣù mẹ́ta sọ̀rọ̀ ṣáájú èkejì, kí àwọn méjèèjì sì dọ́gba nígbà tí wọ́n bá máa wọ ilé ìwé. Ohun tí àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ máa ń wò ju iye ọ̀rọ̀ lọ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yé ọmọ: ṣé ó ń yíjú tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ṣé ó ń nàka sí ohun tó fẹ́, ṣé ó ń gbé bàtà wá tí wọ́n bá ní kó gbé e wá láìfi ojú tàbí ọwọ́ júwe rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí gbogbo nǹkan ń yé, tó sì ń fi ọwọ́ àti ojú bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọ̀ràn rẹ̀ fúyẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń pe ogún ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í fi wọ́n bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan. Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ọmọ ọdún kan tí kì í dáhùn tí wọ́n bá pè é, ọmọ ọdún kan àbọ̀ tí kò nàka sí nǹkan tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan, ọmọ ọdún méjì tí kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, àti ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá ń pàdánù ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló le jù. Ọjọ́ orí yòówù kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọjà Santana wà lójú ọ̀nà Sapele ní Ìlú Bìní. Bíi ti àwọn ọjà mìíràn ní gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀yìn ìyá, abẹ́ tábìlì ọjà àti orí àpò gààrí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ ti ń lo ọjọ́ wọn. Èdè Ẹ̀dó ni wọ́n fi ń kíra wọn níbẹ̀, Píjìn ni wọ́n fi ń ná ọjà, bẹ́ẹ̀ ni Èsán, Urhobo, Ìgbò àti Yorùbá ń dún láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ nípa ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ sábà máa ń sọ nípa yàrá tó dákẹ́, kápẹ́ẹ̀tì, ohun ìṣeré aláwọ̀ mèremère àti òbí kan tó ní wákàtí kan lọ́wọ́. Èyí tó bá wúlò nínú ẹ̀kọ́ náà fún ọmọ tó wà lábẹ́ tábìlì ọjà ni kókó ọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ jù wà.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọmọ kan kò tètè sọ̀rọ̀, etí rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìlànà tí àwọn oníṣègùn ń tẹ̀ lé lágbàáyé ni pé kí wọ́n ti yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù kan, kí wọ́n mọ̀ dájú bóyá ó ń gbọ́ràn kó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ bọ etí ọmọ nígbà tó bá ń sùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, kò sì dun ọmọ. Ní Èkó, Dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mú irú àyẹ̀wò yìí lọ sí ibi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG fún ọmọ wọn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rọrùn: ọ̀pọ̀ aboyún kì í bímọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló máa ń gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́. Ní Ìlú Bìní náà, ìyá tó bá bímọ sílé agbẹ̀bí tó sì padà sídìí ọjà lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni ìgbà tí òṣìṣẹ́ ìlera ti lè rí ọmọ rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2016 pé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àìgbọ́ràn ọmọdé ló jẹ́ èyí tí wọ́n lè dènà. Púpọ̀ nínú ohun tó ń fà á kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbé ní Nàìjíríà: àrùn yírùnyírùn, ìta, sẹ́gede, àti rùbẹ́là tó bá mú aboyún. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n gún láìwọn iye tó yẹ ara ọmọ wà níbẹ̀. Etí tó ń ṣọyún, tí wọ́n ń da òróró tàbí omi ọmú sí dípò kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, náà wà níbẹ̀.

Ọ̀kan wà tí ìdí rẹ̀ ń bẹ lórí àtẹ. Funfun ni, ó rí róbótó, òórùn rẹ̀ kì í fara sin: káńfọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń jù ú sáàárín aṣọ ọmọ tuntun kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ṣọ̀wọ́n ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, pàápàá láàárín ọmọkùnrin. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí tí ó ń wọ aṣọ tí káńfọ̀ ti wọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ohun aláwọ̀ ìyeyè tó ń jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ náà á pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun lè kápá lọ, ojú àti ara rẹ̀ á sì pọ́n. Jọ́ńdíìsì nìyẹn, tí àwọn àgbà ń pè ní ibà pọ́njú. Tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó dé ọpọlọ, ó lè ba iṣan ìgbọ́ràn jẹ́, ó sì lè ba ibi tó ń darí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ahọ́n jẹ́. Ọmọ náà lè yè, kó máà gbọ́ràn, kí ara rẹ̀ sì máa wọ́. Oòrùn òwúrọ̀ tí wọ́n máa ń sá ọmọ sí kò tó fún jọ́ńdíìsì tó bá le. Iná aláwọ̀ búlúù ti ilé ìwòsàn, tàbí kí wọ́n pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀, ló ń gbà á là. Ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé tó bá sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé kó má fi káńfọ̀ sí i, iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ló ṣe yẹn, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Àwọn kan ń gbọ́ràn dáadáa tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì wá. Ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là kò lè pe ìró bíi "p", "b" àti "t" dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbára jọ sẹ́nu ń gba imú lọ. Iṣẹ́ abẹ ló kọ́kọ́ kàn án. Smile Train, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, ń san owó irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà, kí òbí má bàa san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti rán àjà ẹnu rẹ̀ ti lè mọ́ ọn lára láti máa pe ọ̀rọ̀ látọ̀nà ọ̀fun, ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni yóò sì bá a tún un kọ́. Ọmọ tó ní ọ́tísìm lè mọ gbogbo orin tẹlifíṣọ̀n lórí kó má sì lè béèrè omi. Ní Ìkẹjà, Arábìnrin Dọ̀tun Akande, tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísìm, dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí èèyàn kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ sísọ ló fi sínú orúkọ ilé náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń kọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó.

Awọ tó so abẹ́ ahọ́n mọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ilé máa ń fi ẹ̀sùn kàn. Wọ́n á ní ahọ́n ọmọ ló wúwo, wọ́n á sì wá ẹni tí yóò gé e. Tí awọ náà bá kúrú jù, ó lè mú kí ọmú mímu nira, ó sì lè yọ àwọn ìró kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í dá ọmọ dúró láti má sọ̀rọ̀ rárá. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ tí kò sọ nǹkan kan, tí wọ́n wá gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀, ìdí gidi tí kò fi sọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn, ọgbẹ́ sì ti kún un. Àwọn tó ń sọ pé ọkùnrin ni, pé yóò sọ ọ́ tó bá yá, kò parọ́ tán: ọmọkùnrin sábà máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Oṣù díẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà. Kì í ṣe ọdún kan.

Ohun tó tún pọ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni pé èdè púpọ̀ ló ń da ọmọ láàmú, kí òbí fi ti ilé sílẹ̀ kó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ìwádìí lórí ọmọ elédè méjì tàbí mẹ́ta, láti Kánádà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó ń gbọ́ èdè mẹ́ta kì í pẹ́ sọ̀rọ̀ nítorí èdè mẹ́ta. Ó kàn máa ń pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni: ó lè mọ omi ní Yorùbá, kó mọ ẹja ní Ẹ̀dó, kó sì mọ owó ní Píjìn. Ẹni tó bá ka ti èdè kan ṣoṣo yóò rò pé ọmọ náà kò mọ nǹkan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tí ìyá tó gbọ́ Ẹ̀dó dénú bá sì pa á tì, tó wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò já gaara bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ á dín kù, ìtàn á kúrú, àwàdà á tán. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti ọmọ Èsán tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní Santana, ìmọ̀ràn kan náà ló kàn wọ́n: kí òbí sọ èdè tó mọ̀ jù.

Ìṣòro wà nínú àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ ọmọdé, fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é. Ó ń wò ó bóyá ọmọ ń fi "s" sí ìparí orúkọ nígbà tí nǹkan bá ju ọ̀kan lọ, bóyá ó ń yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà fún ohun tó ti kọjá. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Píjìn náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní "I don chop" kò ṣàṣìṣe kankan. Ó tẹ̀ lé òfin èdè rẹ̀ pátápátá. Àwòrán inú ìdánwò náà tún lè jẹ́ ti yìnyín, ìbọ̀wọ́ tàbí èso tí ọmọ kò rí rí. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń jókòó ti ọmọ, á bá a ṣeré, á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, á bi ìyá àti ìyá àgbà léèrè bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Á yẹ ẹnu wò, á wo bó ṣe ń jẹun àti bó ṣe ń mu omi. Yóò béèrè nípa oyún, ìbí, àìsàn àti ẹni mìíràn nínú ẹbí tó pẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn èyí ló tó kan ìwé ìdánwò, tó bá tilẹ̀ kàn án.

Ìtọ́jú gan-an kì í jọ ìtọ́jú lójú ẹni tó ń wò ó látòkèèrè. Ibi pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: ohun tí ọmọ ti lè ṣe ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì ní ọ̀rọ̀ kankan ṣùgbọ́n tó ń wo nǹkan, ojú tó ń wò ló dípò ọ̀rọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà á sì sọ ọ̀rọ̀ tí ojú náà ń wá. Ó wo ẹja, wọ́n á ní "ẹja". Ó mú ata, wọ́n á ní "ata, ata pupa". Tí ọmọ bá ní "ata", àgbàlagbà á fi ọ̀kan kún un: "o fẹ́ ata". Kì í bi í pé "Kí lèyí? Kí lèyí?" bí olùkọ́ tó ń ṣe ìdánwò, ìbéèrè tó pọ̀ jù máa ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Wọ́n máa ń fún un ní àyè láti yan: ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àbí ọsàn? Wọ́n máa ń gbé ohun tó fẹ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé, kí ó lè rí ìdí tí yóò fi béèrè.

Dídúró ni ohun tó ṣòro jù lọ fún àgbàlagbà nínú gbogbo rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Hanen, tí Ayala Manolson dá sílẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 1975, ni ó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fún òbí: kí òbí wo ọmọ, kó dúró, kó gbọ́. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó, ṣùgbọ́n ó máa ń gùn bí ọjọ́ mẹ́ta fún ìyá tí oníbàárà dúró níwájú rẹ̀. Òun sì ni ọjà fi ń ṣòro fún ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n ní Santana; láti àárọ̀ dé alẹ́ ni ọmọ ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ kọjá lórí rẹ̀ kò kọ́ ọ tó èyí tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọ́ sọ, tí wọ́n sì dúró de èsì rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀, gbohùngbohùn àwọn tó ń ta oògùn àti ìwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà Sapele tún ń bo ohùn ìyá mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ẹni tó gbọ́n nídìí iṣẹ́ yìí máa ń fúnni kò ju pé kí ìyá mú àkókò méjì lójúmọ́ tí ọjà fà sẹ́yìn, bíi nígbà tí wọ́n bá ń pa àtẹ àti nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá lé oníbàárà lọ, kó bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti ti ọmọ ṣe déédéé, kó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá a sọ ohun tó wà níwájú wọn.

Ohun tó wà níwájú wọn pọ̀. Orúkọ ọjà wà níbẹ̀, àwọ̀ àti ìwọ̀n, kíka owó àti kíka tòmátò sínú abọ́: okpa, eva, eha ní Ẹ̀dó. Ìdúnàádúrà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ní àyè ti olúkúlùkù, ọmọ tó bá sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ mọ ibi tí èènì ti máa ń wọlé. Ìkíni náà wúlò. Ní ilẹ̀ Bìní, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀ tí ọmọ fi ń kí àgbà. La'mogun ni ti ìdílé ọba. Ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà báyìí, tó ń wáyé ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ni àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ máa ń wá kiri. Àgbàlagbà á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á dákẹ́ ní ìdajì, ọmọ á sì parí rẹ̀. Oríkì tí ìyá Yorùbá ń ki fún ọmọ ọwọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún etí ọmọ: ojú kojú ni, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, orúkọ ọmọ sì ń padà wá léraléra.

Ti ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ìró rẹ̀ kò gún, ìtọ́jú rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ ọdún mẹ́rin àbọ̀ kan tó ń pe "k" ní "t", ohun tó wọ́pọ̀ láàárín ọmọ kéékèèké tó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pé mẹ́rin. Ti èyí kò lọ. Ó ń pe kẹ̀kẹ́ ní "tẹ̀tẹ́". Kí wọ́n máa ní "kà, má pe tà" fún un lẹ́ẹ̀ogún kò ní ràn án lọ́wọ́, nítorí kò gbọ́ ìyàtọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀. Oníṣègùn ọ̀rọ̀ á fi eré ṣe é: ọmọ lọ̀gá, àgbàlagbà lọmọ iṣẹ́, ohun tí ọ̀gá bá sọ gẹ́lẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ yóò ṣe. Ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n ka ọsàn, ó ní "tà á". Ọmọ iṣẹ́ gbé ọsàn, ó tà á fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ọmọ á bínú, á tún un sọ, wọ́n á tún tà á. Ìgbà yẹn ni yóò máa wá ọ̀nà tí ẹ̀yìn ahọ́n ṣe ń gbéra, wọ́n á sì fi dígí hàn án. Irú ọ̀rọ̀ méjì tí ìró kan ṣoṣo yà sọ́tọ̀ báyìí pọ̀ nínú Yorùbá, ẹni tó bá sì ń tọ́jú ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ fi ohùn sọ́kàn: kí ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà, kí ìró nìkan ló yàtọ̀. Ohùn kì í sábà jẹ́ ìṣòro fún ọmọ. Ó máa ń mọ́ wọn lẹ́nu ṣáájú kọ́ńsónáǹtì bíi "gb" àti "r".

Kíkólòlò máa ń yọjú láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, nígbà tí èrò ọmọ bá ń sáré ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nǹkan bí ọmọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gba ibẹ̀ kọjá, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń bọ́ nínú rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá a dàgbà. Kí wọ́n gbá a lẹ́nu, kí wọ́n sín in jẹ, kí wọ́n ní kó mí kanlẹ̀ kó tún un sọ, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rù ẹnu ara rẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí àwọn tó yí i ká fà sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, kí wọ́n sì jẹ́ kó parí gbólóhùn rẹ̀ láìbá a parí rẹ̀. Tó bá ju ọdún kan lọ, tàbí tí ojú ọmọ ti ń fún pọ̀ tí ọrùn rẹ̀ ń le tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá oníṣègùn. Ọba George Kẹfà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dàgbà kó tó rí Lionel Logue, ará Ọsirélíà tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò nílò kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Fóònù ti di olùtọ́mọ nídìí ọjà, kò sì sí ẹni tó lè dá ìyá tó ń dá tọ́mọ lẹ́bi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì máà jókòó ti ojú ẹ̀rọ rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Fóònù kì í fa ọ́tísìm. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé kì í dúró de èsì. Ọmọ á mọ Gẹ̀ẹ́sì àwòrán dáadáa, kò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè oúnjẹ.

Nígbà tí ọmọ bá wọ ilé ìwé, èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ máa ń sọ ẹni tí wọn yóò kà sí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n kọ́ wọn lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2022, ó sì fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro fún ní èdè ìyá rẹ̀, ìyípadà yìí túmọ̀ sí pé èdè tí kò gbọ́ nílé ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́jọ́.

Àwọn ọmọ kan kò ní fi ẹnu sọ̀rọ̀ tó láéláé, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ sì jẹ́ tiwọn pẹ̀lú. Ọmọ tí ara rẹ̀ wọ́ tí ahọ́n rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ lè fi ìka tàbí ojú yan àwòrán lórí pátákó: omi, oúnjẹ, ìgbọ̀nsẹ̀, ó dùn mí, mi ò fẹ́. Fọ́tò ohun tó wà ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán kì í mú kí ọmọ ya ọ̀lẹ láti sọ̀rọ̀. Àwọn tó lè sọ̀rọ̀ nínú wọn tún máa ń tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ sí i. Fún ọmọ tí kò gbọ́ràn, ọ̀nà ọwọ́ wà. Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà tí àrùn yírùnyírùn gba etí rẹ̀ ní kékeré, dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ghana ní ọdún 1957, ó sì dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1960. Ọ̀nà ọwọ́ rẹ̀ ni èdè àwọn adití Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò pọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbọ́ràn àti ọ̀rọ̀ sísọ lábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, òfin 38 ti ọdún 1988 ló sì gbé àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ kalẹ̀. Ní Lomé, ilé ẹ̀kọ́ wà tó ń kọ́ àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé. Yunifásítì Ghana bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Accra ní ọdún 2016. Fún ìyá tó wà ní Santana, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin, tó ti wà láti ọdún 1973, ni ó lókìkí jù, Ugbowo ló sì wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Èkó. Láti ọ̀nà Sapele, ó gbọ́dọ̀ gba Ring Road kọjá sí òdìkejì ìlú, ọjọ́ kan sì ti bá ọjà lọ nìyẹn. Ìyá kan kò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ètò tó ń bá irú ìgbé ayé yìí mu ni èyí tí oníṣègùn ń rí ọmọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí ó ń kọ́ ìyá àti ẹni tó ń bá a tajà ní ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, tí ìyá sì ń fi fóònù gba fídíò kékeré ránṣẹ́ sí i láàárín. Nọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ àjẹsára lè béèrè ìbéèrè mẹ́rin nípa etí àti ọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ bá wá ní oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní àwọn ọjà Bìní, obìnrin tó jẹ́ olórí ọjà, tí wọ́n ń pè ní Iyeki, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dé gbogbo ìsọ̀. Ìkìlọ̀ lórí káńfọ̀ àti lórí etí tó ń ṣọyún lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ ní èdè tí àwọn tó ń tajà gbọ́.